Káàdì Atayò àti Ìtọ́jú Àkọsílẹ̀ Ìdíje: Láti Ìdí Ọpọ́n Ayò dé Ilé Géèmù Ọ̀fà Garage ní Ìlọrin

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ní Ìlọrin lọ sí Gànmọ̀, Ìdọ̀fìàn, Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Ọ̀fà yóò mọ agbègbè tí a ń pè ní Ọ̀fà Garage. Ibùdókọ̀ ni ó fún un ní orúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti tóbi ju ibùdókọ̀ lọ: àdúgbò ni, ọjà ni, ibi ìpàdé sì ni pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí Ìlọrin. Wọ́n ti kọ̀wé lórí ààfin, lórí ogun, lórí ìmọ̀ kéwú àti lórí aṣọ òfì. Eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Bóyá nítorí pé àwọn àgbà ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí ìfàkókò-ṣòfò ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tí ènìyàn bá ti ń díje, ibẹ̀ ni ó ti ń wá ẹ̀rí pé òun borí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí sì ni iṣẹ́ onímọ̀ ìtàn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn. Bí ènìyàn méjì bá díje nínú eré, tí ọ̀kan sì borí, ta ni ó ń tọ́jú ìṣẹ́gun náà, níbo ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ní orílẹ̀-èdè Japan, láti ìgbà tí ọ̀rúndún ogún ti ń parí lọ, káàdì pẹlẹbẹ kan ni ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Bí ènìyàn bá dé ilé ìgbafẹ́ tí wọ́n to àpótí géèmù sí, yóò fi káàdì rẹ̀ sí ẹ̀rọ lára, ẹ̀rọ yóò sì dá a mọ̀, yóò pe orúkọ rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dúró sí. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ni a pè ní káàdì atayò nínú iṣẹ́ yìí. Láti ara ‘ta ayò’ ni a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, nítorí pé ‘eléré’ lè mú kí ọkàn òǹkàwé lọ sọ́dọ̀ olórin tàbí òṣèré orí ìtàgé.

Kò sí káàdì atayò ní Ọ̀fà Garage. Síbẹ̀, Konami, tí ó wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó sọ káàdì náà di nǹkan ńlá ní Japan, ni ó ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí ó gbòde kan ní Ọ̀fà Garage láàárín ọdún 2000 sí 2010. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ó yẹ kí a ka ìtàn méjèèjì pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òǹkọ̀wé yìí ní Ìlọrin ní ìgbà náà, ó sì wà lára àwọn tí ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé géèmù. Níbi tí ó bá ti jẹ́ ìrántí tiwa ni a ń sọ, a ó jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀.

Ìdí Ọpọ́n Ayò

Ọpọ́n ayò ní ojúlé méjìlá. Ọmọ ayò 48 ni a fi ń ta á, mẹ́rin-mẹ́rin ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni à ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Oyè ni ọ̀ta jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tí a kọ oyè náà sí. Àwọn òǹwòran tí ó yí ọpọ́n ká ni ìwé rẹ̀. Àwọn ni wọ́n mọ ẹni tí ó pa ẹnìkejì láyò ní àná, àwọn ni wọ́n ń fi òpè ṣẹ̀fẹ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń ṣe ẹlẹ́rìí bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀ta bá kó lọ sí ìlú mìíràn, oyè rẹ̀ kì í bá a lọ. Ó di dandan kí ó jókòó ti ọpọ́n tuntun, kí ojú tuntun rí i, kí ẹnu tuntun tó pè é ní ọ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé àjọ ojoojúmọ́ tí alájọ ń gbà. Káàdì kan ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tí ń dá àjọ, a fa ilà sí i, a pín in sí ojú 31 fún oṣù kan. Àkọsílẹ̀ kejì ń bẹ lọ́dọ̀ alájọ. Bí alájọ bá ti gba owó òòjọ́, yóò fàmì sí méjèèjì. Lóòótọ́ ni a máa ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bí orí alájọ ti lè pé tó, oníbàárà kì í fi káàdì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ sílé. Bí ìjà bá dé, àkọsílẹ̀ méjèèjì ni a ó gbé kalẹ̀ kí a tó dájọ́.

Òfin méjì ni àwọn baba wa mọ̀ nígbà náà. Nínú eré, ojú àwùjọ ni a ń tọ́jú ẹ̀rí sí. Nínú owó, ọwọ́ àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà. Káàdì atayò kò tẹ̀lé èkíní, kò sì tẹ̀lé èkejì.

Bí Káàdì Ṣe Wọ Inú Géèmù ní Japan

Ní ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ Taito gbé géèmù Space Invaders jáde ní Japan. Tomohiro Nishikado ni ó ṣe é. Àpótí tí ó ga tó ènìyàn ni wọ́n fi ń ta irú géèmù bẹ́ẹ̀, owó wẹ́wẹ́ ni a sì ń jù sí i lójú kí ó tó ṣiṣẹ́. Géèmù náà ń fi àmì tí ó pọ̀ jù lọ hàn lókè ojú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó ni í. Ní ọdún 1979, ilé-iṣẹ́ Exidy ní Amẹ́ríkà gbé Star Fire jáde, ó sì gba ẹni tí ó bá ṣe dáadáa láàyè láti tẹ lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ. Lẹ́tà mẹ́ta péré! Síbẹ̀, ó tó láti mú kí ènìyàn tún padà wá ní ọjọ́ kejì láti wò ó bóyá orúkọ òun ṣì wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà, bí onílé bá ti paná lálẹ́, orúkọ gbogbo ti parẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1982, Walter Day, tí ó ní ilé géèmù kan tí ń jẹ́ Twin Galaxies ní ìlú Ottumwa, ìpínlẹ̀ Iowa, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àmì àwọn atayò jọ láti ilé géèmù káàkiri sínú àkọsílẹ̀ kan. Ọkùnrin náà sọ ara rẹ̀ di òǹwòran gbogbo Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ọdún 2000 ń kanlẹ̀kùn, ilé-iṣẹ́ Sega ní Japan mú nǹkan mìíràn wá. Nínú géèmù wọn tí ń jẹ́ Derby Owners Club, atayò ń sin ẹṣin, ó ń bọ́ ọ, ó ń kọ́ ọ ní eré sísá, ó sì ń mú un lọ bá ẹṣin àwọn ẹlòmíràn díje. Irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè parí ní ìjókòó kan. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe ń kọ gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ẹṣin náà sórí káàdì tí a fi òòfà kọ nǹkan sí, irú èyí tí ó ní ìlà dúdú lẹ́yìn bíi ti káàdì báńkì àtijọ́. Atayò yóò mú káàdì rẹ̀ lọ sílé. Bí ó bá padà wá, ẹṣin rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀.

Ní ọdún 2001, Sega kan náà gbé Virtua Fighter 4 jáde pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní VF.NET. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Orúkọ tí atayò fún ara rẹ̀, iye ìgbà tí ó borí, iye ìgbà tí wọ́n borí rẹ̀, àti oyè tí ó ń gùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé géèmù sì ń bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀. Atayò tún lè yẹ àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ wò lórí fóònù alágbèéká, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín kò tíì fọwọ́ kan fóònù alágbèéká rí. Konami tẹ̀lé e ní ọdún 2002 pẹ̀lú e-AMUSEMENT. Mahjong Fight Club, eré kan tí ó jẹ mọ́ eré ilẹ̀ Ṣáínà kan, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àwọn géèmù orin àti ijó wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 2002 yìí náà ni Sega mú World Club Champion Football wá. Atayò ń to káàdì tí wọ́n ya àwòrán agbábọ́ọ̀lù sí sórí pẹpẹ ẹ̀rọ, bí ó bá sì ti tò wọ́n ni àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò ṣe dúró lórí pápá. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀ títí di ọdún 2018, nígbà tí Konami, Sega àti Bandai Namco fohùn ṣọ̀kan lórí ètò Amusement IC, tí ó fi jẹ́ pé káàdì kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ lára ẹ̀rọ gbogbo wọn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín káàdì ẹlẹ́ṣin àti àwọn káàdì tí ó tẹ̀lé e kò hàn sí ojú, nítorí pé bákan náà ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n káàdì ẹlẹ́ṣin ń ru ìtàn. Káàdì tí ó tẹ̀lé e kò ru nǹkan kan ju nọ́ńbà lọ, kọ́kọ́rọ́ ni. Ìtàn ti wà nínú yàrá, yàrá náà sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. A kò ní sọ pé èyí kò ní àǹfààní. Bí káàdì ẹlẹ́ṣin bá sọnù, ẹṣin ti kú nìyẹn, ṣùgbọ́n bí káàdì kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ènìyàn lè ra òmíràn, kí wọ́n sì so ó mọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀ àtijọ́, bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí wahala ń dé ni ọjọ́ tí onílé bá ti yàrá pa. World Club Champion Football ti kógbá sílé báyìí. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó kó wọn jọ, ṣùgbọ́n kò sí yàrá tí kọ́kọ́rọ́ wọn lè ṣí mọ́.

Ìwé Gbèsè Ilé Géèmù

Ilé géèmù tí a mọ̀ ní Ọ̀fà Garage kò jọ ti Japan. Ṣọ́ọ̀bù kan ni, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, PlayStation kọ̀ọ̀kan ní iwájú wọn, bẹ́ǹṣì onípákó, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń pariwo lẹ́yìn ilé. Géèmù tí a ń ta jù ni Winning Eleven ti Konami, tí wọ́n ń pè ní Pro Evolution Soccer ní Yúróòpù láti ọdún 2001. Ẹnu wa kò gba gbogbo gígùn orúkọ yẹn, ‘Wínín’ ni a ń pè é.

Gẹ́gẹ́ bí a ṣe rántí rẹ̀, ogún náírà ni owó ìdíje kan ní nǹkan bí ọdún 2003, òfin tí ó sì de owó náà ni pé ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò san án. Ẹni tí ó borí kò ní dìde. Yóò jókòó sí àyè rẹ̀ títí tí ẹnì kan yóò fi nà án. Ẹni tí ó mọ Wínín ta dáadáa lè lo ìrọ̀lẹ́ odindi ní ilé géèmù láìná kọ́bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ó ń bọ́ onílé géèmù àti ìdílé rẹ̀.

Òfin yìí ni ó pinnu irú àkọsílẹ̀ tí ilé géèmù ní. Onílé géèmù kò ní káàdì, kò ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó ní ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Bí wọ́n bá na ẹnì kan tí kò sì ní owó lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ yóò wọ inú ìwé náà pẹ̀lú iye tí ó jẹ. Ìnagijẹ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ náà: Òkóchá wà níbẹ̀, Ronaldinho wà níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kì í fi Inter Milan sílẹ̀ nítorí bàtà òsì Adriano sì ń jẹ́ Adriano títí di òní lẹ́nu àwa tí a mọ̀ ọ́n. Ìwé gbèsè ni ìwé náà. Kò sí ojú-ìwé kan fún ẹni tí ó borí. Ọ̀ta tí ó ga jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹni tí a kì í fẹ́ bá jókòó, kò wọ inú ìwé náà rí, nítorí pé kò jẹ gbèsè rí.

A rò pé ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ ìtàn dúró wò dáadáa nìyí. Bí ẹnì kan bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lónìí, tí kò sì mọ òfin ilé géèmù, yóò kà á bí ẹni pé ó rí orúkọ àwọn atayò ńlá àdúgbò. Òpè ni yóò máa kà. Káàdì Japan ń ka ìṣẹ́gun àti ìjákulẹ̀ pọ̀. Ìwé Ọ̀fà Garage ń ka ìjákulẹ̀ tí a kò tíì sanwó rẹ̀. Ẹni tí ó borí ṣì wà ní ibi tí ọ̀ta ayò wà, lẹ́nu àwọn òǹwòran.

Òǹwòran sì wúlò gan-an, nítorí iná mànàmáná. Ní ṣọ́ọ̀bù tí àwa ń lọ, bí iná bá lọ kí ìdajì eré tó pé, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ó ń ṣíwájú ni ó borí, ẹnìkejì yóò sì sanwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá lọ, ojú tẹlifíṣọ̀n ti dúdú, ta ni yóò sọ ìṣẹ́jú tí a wà? Àwọn tí ó dúró lẹ́yìn ni. A ti rí i tí àríyànjiyàn ìṣẹ́jú 44 tàbí 46 gbà tó wákàtí kan. Àwọn ará àdúgbò ń pe orúkọ NEPA, orúkọ náà di PHCN ní ọdún 2005, nígbà tí wọ́n sì ta ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn aládàáni ní ọdún 2013, ẹ̀ka Ìbàdàn, IBEDC, ni Ìlọrin bọ́ sí lábẹ́. Àríyànjiyàn ìṣẹ́jú 44 kò yí orúkọ padà.

Nǹkan kan wà ní ilé géèmù tí ó súnmọ́ káàdì Japan, òun ni káàdì mẹ́mọ̀rì PlayStation. Ti PlayStation 2 gba 8 MB, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àpótí ìṣáná lọ. Èyí tí ó wà lára ẹ̀rọ jẹ́ ti onílé géèmù, ẹnikẹ́ni lè pa ohun tí ẹlòmíràn kọ sórí rẹ̀ rẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ ta Master League, níbi tí ènìyàn ti ń tọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan fún sáà púpọ̀, máa ń dáwó ra tiwọn. Wọ́n á fi sí àpò ṣòkòtò, wọ́n á sì fún onílé géèmù ní owó wákàtí dípò owó ìdíje. Káàdì ẹlẹ́ṣin ni èyí, kì í ṣe káàdì kọ́kọ́rọ́: ìtàn wà nínú rẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Káàdì tí a ń Họ

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àwọn ará Ọ̀fà Garage kò mọ káàdì tí ó so mọ́ kọ̀ǹpútà ibòmíràn. Láti oṣù Ògún ọdún 2001, nígbà tí fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ni káàdì ìpè ti wọ ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Èékánná tàbí owó wẹ́wẹ́ ni a fi ń họ ọ́, a ó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sórí fóònù. Àwọn ilé íntánẹ́ẹ̀tì náà ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn, ìwé pélébé tí wọ́n tẹ orúkọ ìwọlé àti nọ́ńbà àṣírí sí. Bí wákàtí kan kò bá tíì tán, ènìyàn lè jáde, kí ó padà wá lo ìyókù ní ọ̀la. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì àṣemọ́jú, tí ó dín owó kù fún ẹni tí ó bá lè bá oorun jà.

Káàdì ìpè kò mọ ẹni tí ó rà á. Ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà náà ni ó ni ín, lẹ́yìn ìyẹn, a ó jù ú nù. Káàdì tí ó ń mọ ènìyàn dé ọ̀dọ̀ wa nípasẹ̀ ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ra káàdì láti wo èsì WAEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń họ ọ́, ó sì ń fi nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ kún un. Káàdì kọ́kọ́rọ́ pátápátá ni èyí, nítorí èsì náà wà lọ́dọ̀ WAEC kí káàdì tó jáde láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti bá akẹ́kọ̀ọ́ họ káàdì náà, tí èékánná sì ba nọ́ńbà méjì jẹ́, ẹ mọ irú òógùn tí ń jáde lára. JAMB fi káàdì híhọ sílẹ̀ ní ọdún 2017, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ Gíwá Yunifásítì Ìlọrin. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ káàdì SIM ní ọdún 2011. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, ìyẹn NIN.

Níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà nìyí. Ní Japan, inú eré ni ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ gba káàdì tí ó ń pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ yàn sì ni. Ní Ọ̀fà Garage, ìdánwò àti àṣẹ ìjọba ni ó mú káàdì orúkọ wá, eré sì wà láìní orúkọ títí tí fóònù fi gbé e mì.

Konami dé Inú Fóònù

Ní ọdún 2021, Konami yí orúkọ géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ padà sí eFootball, ó sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Nígbà náà, fóònù olójú gbọọrọ ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀fà Garage, ẹni tí ó ní fóònù kò sì nílò bẹ́ǹṣì onípákó mọ́. Àkáǹtì ni ó ń lò. Orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, àti àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó ti kó jọ wà nínú kọ̀ǹpútà Konami. Ohun tí káàdì ṣe ní Japan láti ọdún 2002 ni àkáǹtì yìí ń ṣe, kìkì pé kò sí káàdì kankan tí a lè dì mú. Àwọn ọ̀dọ́ mọ iye tí ó tó. Wọ́n ń ta àkáǹtì tí ó bá ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára fún ara wọn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ta ẹran ọ̀sìn tí a ti bọ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n yàrá ẹlòmíràn ni. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2022, nígbà tí géèmù orí fóònù àtijọ́ náà di eFootball, Konami jẹ́ kí díẹ̀ nínú ohun tí atayò ní kọjá sínú tuntun, ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ kò bá a kọjá. Ẹni tí ó sùn ní ọ̀ta jí ní òpè. Kò sí ìwé kejì tí ó lè gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà alájọ, kò sì sí òǹwòran, nítorí pé inú yàrá ni ó dá nìkan jókòó sí tí ó ń ta á.

Àwọn òbí kan máa ń da èyí pọ̀ mọ́ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí NairaBet ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà láti ọdún 2009, ń tọ́jú owó ènìyàn, kì í ṣe òye rẹ̀. Òfin ń bẹ lórí tẹ́tẹ́, ó sì ti dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí ó dájọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Bélú ọdún 2024 pé ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tí àkáǹtì eré rẹ̀ pòórá kò ní irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Ohun tí Ó Ṣẹ́kù

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ìwé gbèsè ilé géèmù tí a ń lọ nígbà náà ni a kọ́kọ́ wá. Ṣọ́ọ̀bù náà ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara fóònù. Onílé géèmù rántí ìwé náà dáadáa, ó tilẹ̀ rántí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní 340 náírà tí kò san án títí di òní. Ó ní ìyàwó òun ni ó ya ewé inú rẹ̀ tán, tí ó fi wé ẹ̀pà tà.

Káàdì mẹ́mọ̀rì kan ni ó wà lọ́wọ́ wa. Àwa mẹ́ta ni a dáwó rà á, ọ̀dọ̀ wa ni ó sì kẹ́yìn sí. A yá PlayStation 2 tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, a fi káàdì náà sí i, ó sì ṣí. Fáìlì kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Déètì tí ẹ̀rọ kọ sí i lára jẹ́ ti ọdún 2000, èyí kò sì lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí Pro Evolution Soccer 5 ni ó ni fáìlì náà, ọdún 2005 ni géèmù yẹn sì jáde. Kò sí ẹni tí ó ń ṣètò aago ẹ̀rọ ní ilé géèmù. Bí iná bá ti ń lọ, tí ó ń bọ̀, aago yóò máa ka ohun tí ó bá wù ú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ti inú géèmù mú ọdún, kì í ṣe láti ara déètì. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ṣe sí lẹ́tà tí kò ní déètì náà nìyẹn.

Lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń gbà kò ní àmì ohùn, nítorí náà GARAGE ni a kọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún sáà mẹ́ta. Ìdíje mẹ́rin ni ó kù kí sáà kẹta parí, ipò kejì ni ó sì wà.